Àwẹ̀ró tó Ń Kúnlẹ̀ fún Àdàbà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò kọjá orí igi, ó fò kọjá orí àjà, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Orí Àdàbà ló bà lé, òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó bà lé orí Àwẹ̀ró, opó tó ń dá gbé inú aba. Ó bà lé orí Ọdẹ́jìnmí, àgbẹ̀ ọlọ́kà bàbà tó ń gbé òdìkejì odò. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn nìyẹn. Ẹni tó bá ń retí Ìjàpá kó má retí mọ́, Ìjàpá rìnrìn àjò.

Ní ayé àtijọ́, ojú ẹyẹ mú. Bó ṣe mú lónìí náà ló ṣe mú nígbà náà. Ẹyẹ lè wà lókè téńté kó rí kòkòrò tó mi ẹsẹ̀ kan lábẹ́ ewé. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ojú rí nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ ohun tí ojú rí. Ẹyẹ rí ọmọ aráyé tó ń rìn, ó rí i tó ń jó, ó rí i tó ń ju apá. Kò mọ ohun tí ọ̀kankan nínú wọn jẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀. Àwọn àgbà ẹyẹ ti jókòó sórí òrùlé, wọ́n ti wo agboolé títí. Wọ́n rí ìyàwó tó kúnlẹ̀ kí ọkọ. Wọ́n rí ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ fún baba. Wọ́n rí obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ gbé omi fún àlejò. Wọ́n ní: “Ó ti yé wa. Ẹni tó bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ, ó ń bọ̀wọ̀ fún ọ ni.” Wọ́n fi kọ́ ọmọ wọn. Ọmọ wọn fi kọ́ ọmọ tiwọn.

Ẹ wá wo wàhálà. Àgbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, á máa ro oko rẹ̀. Àwọn ẹyẹ á wà lórí igi, wọ́n á máa dá a lóhùn: “Pẹ̀lẹ́ o! Ó tó o, dìde!” Obìnrin á bẹ̀rẹ̀, á máa gbálẹ̀. Ẹyẹ á ní: “Ọmọ yìí gba ẹ̀kọ́ ilé o. Láti àárọ̀ ló ti ń kí wa.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbéra ga, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kí.

Ó wá ku Àwẹ̀ró. Ọkọ Àwẹ̀ró kú, wọ́n sin ín sẹ́yìn ahéré. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí lọ ilé ọkọ, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú aba kó padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kó ká ẹní rẹ̀ kó máa bọ̀. Ó ní: “Ta ni kí n fi bàbá yìí sílẹ̀ fún?” Wọ́n lọ. Ó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ pọ̀ nínú ilé yìí, tí ẹ ń fa ẹní mọ́ ara yín lọ́wọ́, ẹ ò mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní ìdánìkanwà. Èèyàn tó jí láàárọ̀, tí kò rí ẹni kí, tí ẹnikẹ́ni kò kí i, ṣé ìyẹn jí? Àwẹ̀ró á ṣílẹ̀kùn, á ní: “Ẹ káàárọ̀ o.” Afẹ́fẹ́ á fẹ́. Á kí ààrò. Á kí ìkòkò. Á lọ sẹ́yìn ahéré, á kí sàréè ọkọ rẹ̀: “Ṣé ẹ sùn dáadáa, bàbá?” Á dúró díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn rí. Gbogbo aba dá páropáro. Ó ń dun obìnrin náà. Ó ń dùn ún dé eegun.

Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ń fẹ́ ọkà bàbà nínú atẹ. Atẹ yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkà dà nù. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣà á. Ló bá gbọ́ ohùn kan lórí igi ìyeyè.

“Pẹ̀lẹ́ o. Ó tó. Dìde.”

Àwẹ̀ró wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ta ló ń sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni, èmi Àdàbà. Mo rí i pé o kúnlẹ̀ kí mi. Mo ti gbà á.”

“Èmi? Kí n kúnlẹ̀ kí ẹyẹ? Èmi tí irun orí mi ti funfun tán!”

“Ta lo wá ń kí?”

Àwẹ̀ró yíjú ká. Ó wo ahéré. Ó wo ààrò. Òótọ́ ni, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ni ẹ̀rín bá pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó ní: “Ó dáa, ìwọ ni mo kí. Sọ̀kalẹ̀ wá jẹun.”

Àdàbà sọ̀kalẹ̀. Òun náà kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àṣá ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ, ọmọ kékeré kan ló kù sí i lọ́rùn. Ó jẹun, ó sọ ti ọkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró gbọ́, ó sọ ti ọkọ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Àwẹ̀ró á bu ọkà sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ọwọ́ kejì ti itan, á kúnlẹ̀. Kò jẹ́ dà á sílẹ̀ lóòró. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í nàró gbé oúnjẹ fún àlejò. Ajá là ń nàró ju oúnjẹ sí. Á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ ọ̀tún, Àdàbà á bà lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, á máa ṣa ọkà jẹ láàárín ìka.

Nígbà tó yá, ojú wá ń ti Àdàbà. Ó ní: “Ìyá, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ. Kò yẹ kí ẹ máa kúnlẹ̀ kí èmi kàn máa wò.” Láti ìgbà náà, bó bá ti ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró, á máa tẹrí ba, á máa tẹrí ba, títí tó fi máa dé. Ṣé ẹ ti rí bí àdàbà ṣe ń mi orí tó bá ń rìn nílẹ̀? Ó ń dá ìkíni àgbà padà ni. Ẹ má rò pé ọrùn ló ń dùn ún.

Wọ́n á wá máa sọ̀rọ̀.

“Ìyá, ṣé ẹ sùn dáadáa?”

“Mo sùn, ọmọ mi. Oorun àgbà kò pọ̀. Ọmọ rẹ ńkọ́?”

“Ó ti ń fò. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe ló ń ṣe. Mo bà, ó bà. Mo mu omi, ó mu omi.”

“Bí ọmọ ṣe ń ṣe nìyẹn. Rọra máa ṣe o. Ẹsẹ̀ rẹ ló ń wò.”

Inú Àwẹ̀ró dùn lásìkò náà. Ó tún irun rẹ̀ dì. Ó gbá iwájú ahéré. Ó rí ẹni kí láàárọ̀, ó rí ẹni tó kí i padà. Kí lèèyàn tún ń wá láyé?

Ní òdìkejì odò, ọkà bàbà Ọdẹ́jìnmí ń gbó bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀gà kó ẹbí, ó kó ará, wọ́n dé sínú oko. Wọ́n ń jẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Ọdẹ́jìnmí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọkà tí ẹyẹ ń jẹ yẹn, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni.

Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ pariwo. Ó ké “Há! Há! Hóò!” Àwọn ẹyẹ ní: “Orin rẹ̀ dùn.” Wọ́n bá a gbè é.

Ó lọ gbẹ́ igi, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ tó ti gbó wọ̀ ọ́, ó dé e ní fìlà, ó gbé e nàró sáàárín oko. Àwọn ẹyẹ wò ó títí. Igi kò mira. Igi kò bẹ̀rẹ̀. Ológoṣẹ́ ní: “Bàbá yìí kò kọ́ ìwà rárá. Láti ìjẹta, kò kí ẹnì kan.” Ló bá bà lé e lórí, ó sì ṣe ohun tí ẹyẹ máa ń ṣe sórí fìlà. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ sú Ọdẹ́jìnmí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta nílẹ̀.

Ẹ̀gà wà lórí ṣírí ọkà. Ó rí ọkùnrin náà tó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Ó ní: “Ẹ wò ó, onílé wá kí wa o! Pẹ̀lẹ́ o, ó tó, dì...”

Kò sọ ọ́ parí. Òkúta bà á láyà. Ó ṣubú, ó kú.

Àwọn ẹyẹ yí òkú rẹ̀ ká. “Kí ló pa á?” “Òkúta ni.” “Níbo ló ti wá?” “Ojú ọ̀run ni. Àbí níbo ni òkúta á tún ti já? Ọkùnrin yẹn kọ́ o, ìkíni ló ń kí.” Ọ̀rọ̀ wọn kò dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó lójú. Ojú wọn rí ìbẹ̀rẹ̀, ojú wọn rí òkúta, wọn kò so méjèèjì pọ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ọdẹ́jìnmí tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ológoṣẹ́ ló wà nítòsí. Ológoṣẹ́ tilẹ̀ tún sún mọ́ ọn, kó lè gba ìkíni náà dáadáa. Òkúta bà á, òun náà kú. Àwọn ẹyẹ ní: “Ojú ọ̀run mà ń bínú sí wa o.”

Ní ọjọ́ kẹta, Àdàbà àti ọmọ rẹ̀ wá mu omi létí odò. Ọmọ rí ọkà tó dà sílẹ̀ nínú oko Ọdẹ́jìnmí, ó bà síbẹ̀, ó ń ṣà á. Ìyá rẹ̀ wà lórí ẹ̀ka igi. Ọdẹ́jìnmí yọ. Ó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Àdàbà rí i. Ó rántí bí Àwẹ̀ró ṣe máa ń kúnlẹ̀ tí ìyá rẹ̀ á sì rìn lọ bá a. Òun náà bá ń rìn lọ bá Ọdẹ́jìnmí. Ó ń tẹrí ba, ó ń tẹrí ba.

Inú ìyá rẹ̀ ti ń dùn lórí igi pé ọmọ òun mọ ìwà hù. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkùnrin náà. Ó rí orúnkún tó ká. Ó rí ẹ̀yìn tó tẹ̀. Ó rí ọwọ́ tó kan ilẹ̀. Ọwọ́ Àwẹ̀ró a máa là sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ọwọ́ yìí pa dé. Ó rí ẹ̀yìn tó nà padà. Ó rí apá tó lọ sẹ́yìn. Ní ìṣẹ́jú akàn, gbogbo rẹ̀ tò lójú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn: orúnkún, ẹ̀yìn, ọwọ́, apá, òkúta, Ẹ̀gà nílẹ̀, Ológoṣẹ́ nílẹ̀.

“Ọmọ mi, fò!”

Ọmọ náà fò. Òkúta fa ìyẹ́ kan yọ ní ìrù rẹ̀. Ó dé orí igi. Ó ní: “Ìyá mi, kí ló dé? Ṣe bí ó ń kí mi ni?”

Àdàbà fi apá bò ó.

Ni wọ́n bá pe gbogbo ẹyẹ jọ sórí igi àràbà. Akàlà tó jẹ́ àgbà wọn jókòó. Àdàbà rò fún wọn bó ṣe rí i láti orúnkún dé òkúta. Ariwo sọ. Àwọn kan ń sunkún nítorí gbogbo ìkíni tí wọ́n ti ń gbà láti ọjọ́ yìí.

Akàlà ní: “Ṣé gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ló máa ju òkúta?”

Àdàbà ní: “Rárá, bàbá. Òmíràn ń ro oko. Òmíràn ń kí èèyàn. Òmíràn ń bu ọkà fúnni.”

“Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n?”

“Orúnkún kan náà ni wọ́n ń ká. Ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ bá kan ilẹ̀ ni wọ́n tó yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá sì dúró títí dé ibẹ̀ yẹn, ó ti pẹ́ jù.”

“Ó parí,” ni Akàlà wí. “Bí orúnkún bá ti ká, ẹ fò. Ẹ má dúró wo ìyókù.”

Gbogbo wọn ní: “Àṣẹ!” Àdàbà nìkan ni kò wí i. Ó ní: “Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ẹnì kan wà tí mo mọ̀. Àwẹ̀ró ni. Mo mọ bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Mo mọ bó ṣe ń fi ọwọ́ ti itan kó tó kúnlẹ̀. Bí ó bá wọ aṣọ ẹlòmíràn, bí ó bá da aṣọ borí, màá mọ̀ pé òun ni. Ẹ jẹ́ kí n máa dúró fún òun nìkan.”

Akàlà wò ó. “Mo gbà pé ìwọ mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ ńkọ́?”

Àdàbà wo ọmọ rẹ̀.

“Lónìí tí ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí ọmọ rẹ kò fò?”

“Nítorí pé ó ti rí èmi tí mo dúró.”

“Ọ̀dọ̀ ta lo dúró sí?”

Omi bọ́ lójú Àdàbà. “Ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró.”

Wọ́n tú ká.

Ilẹ̀ mọ́. Àwẹ̀ró ṣílẹ̀kùn, ó bu ọkà sí àtẹ́lẹwọ́. Àdàbà wà nílẹ̀ níwájú ahéré, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró ní: “Ẹ káàárọ̀ o, ìwọ àti ọmọ rẹ.” Ó fi ọwọ́ ti itan. Ó ká orúnkún.

Fìrì! Àdàbà fò. Ọmọ fò.

Àwẹ̀ró wo ẹ̀yìn, ó rò pé àṣá ló ń bọ̀. Kò rí àṣá. Ó dìde, ó dúró. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ó rọra tẹ̀ báyìí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin.

Fìrì! Wọ́n tún fò.

Ọkàn obìnrin náà gbọgbẹ́. Ó gbé orí sókè sí igi ìyeyè, ó fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é, ẹ ní Jẹ́lẹ́ńkẹ́.

Àdàbà mi, wo ọwọ́ mi o,
Jẹ́lẹ́ńkẹ́.
Kò sí ewu níbẹ̀ o,
Jẹ́lẹ́ńkẹ́.
Ọkà ni mo bù wá o,
Jẹ́lẹ́ńkẹ́.
Bí mo bá kúnlẹ̀, má fò o,
Jẹ́lẹ́ńkẹ́.
Ilé mi ti dá jù o,
Jẹ́lẹ́ńkẹ́.
Ta ni n ó máa kí o?
Jẹ́lẹ́ńkẹ́.

Àdàbà gbọ́ orin náà, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó ní: “Ìyá, mo rí ọwọ́ yín. Mo mọ̀ pé ọkà ni. Ojú mi kò tàn mí jẹ.”

“Kí ni mo wá fi ṣẹ̀ ọ́?”

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí.” Ló bá sọ fún un. Ó sọ ti Ọdẹ́jìnmí, ó sọ ti ìyẹ́ ìrù ọmọ rẹ̀, ó sọ ti Akàlà. Ó ní: “Bí mo bá dúró fún yín, ọmọ mi á dúró fún ẹni tí yóò pa á. Kò tíì mọ èèyàn yà sọ́tọ̀. Ẹ má bínú, Ìyá.”

Àwẹ̀ró wo ẹyẹ kékeré tó fara mọ́ ìyá rẹ̀ lórí ẹ̀ka, ìrù rẹ̀ kò pé. Òun náà ti bímọ rí. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun náà bí. Kí ni abiyamọ fẹ́ sọ fún abiyamọ?

Ó ní: “O ṣe dáadáa, ọmọ mi.”

Nígbà náà ló ṣe ohun tí kò ṣe fún àlejò kankan rí láti ìgbà tó ti dáyé. Ó nàró ṣánṣán. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ojú ń tì í. Ó da ọkà náà sílẹ̀ lóòró, bí ẹni ń ju oúnjẹ sájá. Ó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ wọnú ilé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Àdàbà sọ̀kalẹ̀. Ọmọ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń jẹ. Àdàbà yí orí sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ojú kan wo ọkà, ó fi ojú kan wo ilẹ̀kùn.

Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń yọjú níbi tí pákó ti là. Ó fẹ́ bi Àdàbà bóyá ó sùn dáadáa. Ó ti la ẹnu. Ó rántí pé bí òun bá mi ilẹ̀kùn, wọ́n á fò. Ó gbé ìkíni náà mì. Bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ó ń bọ́ wọn, kò sì tún kí wọn mọ́. Ó ń dùn mí tí mo bá dé ibí yìí nínú àlọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹyẹ ti ń wo ìṣe èèyàn kó tó wo ojú èèyàn. O lè rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní í kà ọ́ sí. O lè kọrin, kò ní í kà ọ́ sí. Jẹ́ kí orúnkún rẹ ká báyìí, ó ti lọ. Kò ní í dúró béèrè bóyá ọ̀rẹ́ ni ọ́ tàbí ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo èèyàn. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ẹyẹ, òòró ni yóò wà tí yóò fi ju ọkà, lẹ́yìn náà yóò fà sẹ́yìn.

Kí lo wí? Adìẹ ńkọ́? Adìẹ kò wá sí ìpàdé. Ìwọ náà ṣáà ń rí ohun tí ojú adìẹ ń rí lọ́dọọdún.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí ẹnì kan bá rò pé mo purọ́, tí ilẹ̀ bá mọ́, kó lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí àdàbà ti ń jẹ. Kó má mú òkúta lọ. Kó mú ọkà. Kó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fẹ́ràn ẹyẹ náà, kó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹyẹ náà bá dúró dè é, kó padà wá pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo ilé.

Kò ní í dúró. Kì í sì í ṣe pé ó kórìíra rẹ. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò ó.